Àpótí Ìbò Tí Mo Pọ̀n

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Lójú àlá, mo ń fi ọṣẹ pa Mofẹ́ ọmọ mi lára nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn obìnrin fẹ́ dìbò yan aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe nàró, ìlú òyìnbó ni mo wà, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, kí èkejì tó dé. Yìnyín bolẹ̀, mo sì ti tò sórí ìlà.

Àfi bí àpótí ìbò ṣe bú sẹ́kún, tó di ẹnu pinpin, kò gba ìbò kankan. Ọ̀gá ìdìbò ní, "Bí kò bá dákẹ́, kí gbogbo yín máa lọ sílé."

Ìyá arúgbó òyìnbó kan fi ìgúnpá gún mi: "Ìyá ọmọ, kí lò ń wò? Ṣé o ò rí i pé oorun ló ń kùn ún ni?"

Mo gbé àpótí pọ̀n, mo ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́. Ó gùnfẹ̀, ó yanu. Ni àwọn obìnrin bá ń ti ìbò sí i lẹ́nu, wọ́n ń kí mi kú ewu ọmọ. Nígbà tó kàn mí, ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ ìyá yẹn, ẹkún Mofẹ́ jí mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, mu ọmú kíá, ká padà sùn. Ó ku ìbò tèmi."