Ilé Tó Dákẹ́

“Kà á kí n gbọ́,” ni Gbọ́láhàn wí, ó sì na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá ilé Fàdílù ní àdúgbò Titirou.

Kọ́lẹ́jì kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fàdílù gbé ìwé tó fi ń múra iṣẹ́ ọ̀la sókè. “Mo fẹ́ fi ìyàtọ̀ ‘quiet’ àti ‘calm’ hàn wọ́n. Àpẹẹrẹ mi rè é: ‘My house is calm.’ Ilé mi tòrò.”

Àràmọ́tù, ìyàwó rẹ̀, gbé omi tútù jáde. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Olùkọ́, omi rè é.” Ó wọlé padà.

Gbọ́láhàn gbé ife omi dúró. “Olùkọ́ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe Àkànbí ló máa ń pè ọ́, tí yóò kì ọ́ títí orí rẹ yóò fi wú?”

“Ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ilé wá rọlẹ̀.”

“Kí lo ṣe fún un?”

Fàdílù họrí. “Mo yà sí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Arzèkè. O mọ bó ṣe ń tajà: yóò ki oníbàárà, yóò ki bàbá oníbàárà, yóò ki ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, ‘Ṣé ẹnu kì í rẹ̀ ọ́ ni? Dákẹ́ jàre!’”

“Níwájú àwọn oníbàárà?”

“Níwájú wọn.”

“Háà! Ẹyin lohùn o. Pa àpẹẹrẹ yẹn rẹ́, ọ̀rẹ́ mi. ‘Quiet’, etí ló ń gbọ́ ọ. ‘Calm’, inú ló ń gbé. Bí a bá fi ọmọrí dé ìkòkò lórí iná, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ń hó nínú. Ṣé wàá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ìkòkò náà tòrò?”

“‘Peaceful’ ńkọ́?”

“Ìyẹn tún jìnnà sí ọ! Ẹni méjì ló ń ṣe é, ẹnì kan kì í dá a ṣe.” Gbọ́láhàn bú sẹ́rìn-ín. “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi ‘quiet’ yìí di ẹrù lọ.”

Fàdílù kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló rí àpótí Àràmọ́tù lẹ́bàá ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Ṣábẹ̀. Kò sọ ìgbà tí òun yóò padà, Fàdílù náà kò sì béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Fàdílù kírun àsùbáà tán, ó pẹ́ lórí ẹní àdúrà. Ì bá wọlé lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, àmọ́ ibi tí ọgbẹ́ wà là ń fi oògùn sí. Bó ṣe parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Arzèkè ló forí lé.

Àràmọ́tù ń wọn aṣọ fún ìyá àgbà kan, kò ki ìyá náà rárá. Fàòsíyà, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ rí Fàdílù. “Olùkọ́, ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ tún wá pa lẹ́nu mọ́ lónìí?”

“Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá.”

Ó ṣí fìlà, ó lóṣòó síwájú ìsọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tí wọ́n pè síwájú pátákó.

“Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ṣábẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ tí ń fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹní fún àlejò. Ẹnu rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ojú rẹ. Níbí ni mo ti ní kí o dákẹ́, níbí náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ… ọmọ…”

Ó gbàgbé èyí tó kù. Fàòsíyà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Àràmọ́tù rọra ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kì,” ló wí. “Ẹ fo oríkì ilé ìyá mi kọjá pátápátá.” Ó fa àpótí ìjókòó kan jáde. “Àkànbí, ẹ dìde níbẹ̀, ẹ ń dí oníbàárà lọ́nà. Ẹ jókòó síbí, kí ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn.”

Ó yíjú sí ìyá àgbà náà. “Ìyá mi, ọmọ ta ni yín?”

Fàdílù jókòó. Ariwo gba gbogbo ìsọ̀ náà kan, inú rẹ̀ sì tòrò.