Ilẹ̀ Vicko

Níbi ìpàdé ìlú, Tonči ló pariwo jù. "Wọn ò gbọdọ̀ kọ́ ilé alájà mẹ́jọ sórí ilẹ̀ Vicko! Níbo la ó ti máa ta balote, bọ́ọ̀lù onírin wa?"

Vicko rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ò yọjú síbẹ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti nà ẹ́ nínú eré náà?"

Irọ́ kọ́. Ìlara ló ń jẹ Tonči. Látìgbà tí agbaṣẹ́ṣe tó ń wá ilẹ̀ rà ti wo ilẹ̀ Vicko tí kò wo tirẹ̀ ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe dìde. "Bàbá, a ti gbọ́. A ó fi ilẹ̀ Vicko sílẹ̀ fún eré yín. Tiyín la ó rà."

Tonči wúkọ́, ó jókòó.

"Kí ló dé," ó ní, "tó fi jẹ́ àjà mẹ́jọ péré?"