Roscoe Ará Eufaula

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, ọkùnrin mẹ́rin máa ń jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ilé epo Tillery. Epo kọ́ ni wọ́n ń wá rà. Kọfí ni wọ́n ń mu, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì kékeré gbígbóná tí wọ́n ki sọ́séèjì bọ̀ láàárín, wọ́n sì ń fi ẹnu darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, ní Yunifásítì Hollis. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ ọgbà yunifásítì yẹn rí àfi lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ó rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó sùn.

Clevon Maddox ni ìkẹrin wọn. Bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ló ń wà. Jerrod, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni ajubọ́ọ̀lù Hollis, ẹni tí gbogbo eré ti ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń di gbogbo ẹ̀bi rù bí eré bá bàjẹ́. Eré sì bàjẹ́ lọ́dún náà. Ìdíje mọ́kànlá ni wọ́n ti gbá, méje ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí wọn yóò bá Brandt gbá nílé lọ́jọ́ Sátidé. Òun ni yóò jẹ́ ìkẹyìn Jerrod. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó tó kàn án, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ báyìí ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

"Kóòṣì Dabney ò mọ ọmọ ṣà," ni Wendell Stokes wí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí ilé tí kò mọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. "Ọdún mẹ́rin! Àwọn tó lè sáré gba bọ́ọ̀lù nìkan ló ń kó jọ. Àwọn gìrìpá tó yẹ kó dúró síwájú ajubọ́ọ̀lù kí wọ́n má bàa gbé e lulẹ̀ ńkọ́? Kò wá wọn. Ó ń kọ́lé, ó ra fèrèsé, ó ra ilẹ̀kùn, kò ra búlọ́ọ̀kù."

"Búlọ́ọ̀kù kọ́ ló ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹta ní Sátidé," Hoyt Lumley, tó ń tún katakata ṣe, dá a lóhùn. Ó bojú wo Clevon. "Má bínú o, Clevon."

"Kí ni màá bínú sí?" ni Clevon wí. Inú sì ń bí i dé ọmú.

"Ọmọ Texas yẹn, ajubọ́ọ̀lù kejì, ni kó gbé wọlé jàre," ni Hoyt tún wí. "Ansley. Kí ló tiẹ̀ mú un wá fún? Ṣé kó wá máa bu omi fún wọn ni?"

"Ansley!" Wendell bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó ti lo kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta! Bó bá tún fi ibí sílẹ̀, jẹ́léósinmi ló kù tí ò tíì lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Clevon náà rẹ́rìn-ín, ó gbé kọfí rẹ̀, ó jáde.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì náà kò mọ̀ ni pé iṣan èjìká ọ̀tún Jerrod ti ya láti ìdíje kẹta, nínú oṣù kẹsàn-án. Bàbá rẹ̀ nìkan ló pè lálẹ́ ọjọ́ náà. "Dádì, ẹ má sọ fún Màámi o. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Kóòṣì bá fi lè gbọ́, Ansley ló máa gbé wọlé, ó sì parí nìyẹn." Ó yẹ kí Clevon kọ̀. Ó yẹ kó lọ sí Hollis lọ́jọ́ kejì, kó fi etí wọ́ ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àmọ́ òun náà ti fi ọdún mẹ́ta jókòó sáàárín àwọn òbí, tó ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń gba ìyìn. Ó ní, "Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ẹni tó bá sì ti jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jìnnà sí rédíò. Gbogbo Alabama ló mọ ètò Buddy Crenshaw. Láti aago méjì ọ̀sán títí di mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé fóònù kí aráyé máa bú kóòṣì. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ kan àti ìlú kan ti tó. Láti oṣù kẹwàá ni Clevon ti di Roscoe, ará Eufaula, ìlú tí kò tíì dé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Yóò gbé bọ́ọ̀sì sílẹ̀ níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò pe Buddy, yóò yí ohùn padà, yóò sì gbèjà ọmọ Maddox. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ara rẹ̀ á fúyẹ́ fún bí wákàtí kan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún un ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án Túsìdeè yẹn, ó kù bí ogún ìṣẹ́jú kí àwọn ọmọ jáde. Ó tan rédíò. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Lonnie ará Opp ló wà lórí ìlà.

"Buddy, ẹ̀yin ń sọ pé ọmọ Maddox ò mọ bọ́ọ̀lù ún jù. Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n jù! Ó ń jù ú fún ẹni tó fẹ́ jù ú fún ni. Àwọn onítẹ́tẹ́ ti ra ọmọ yẹn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ níbí."

"Ẹ̀sùn ńlá lèyí o, Lonnie," ni Buddy wí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò já a kúrò.

"Kí ló tún lè fà á? Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ọta ní ìdíje méjì àkọ́kọ́, tó wá ń jù ú bí aláìsàn? Olè ni. Ẹni tó bí i gan-an mọ̀ sí i."

Etí Clevon dí. Wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀, wọ́n ti pè é ní ojo, ó gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n olè! Ọmọ tó ń sunkún lórí irọ̀rí nítorí ìrora, tó tún ń dìde lọ gbá fún wọn! Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi nọ́ńbà tẹ̀.

"Roscoe, ará Eufaula!" ni Buddy kígbe. "Lọ́yà ọmọ Maddox ti dé! Roscoe, ẹ gbọ́ ohun tí Lonnie wí?"

"Kò sẹ́ni tó ra ọmọ yẹn!" Kò rántí yí ohùn padà mọ́. "Apá ẹ̀ ló ya! Iṣan èjìká ọ̀tún ẹ̀ ti ya láti oṣù kẹsàn-án! Kò lè gbé ọwọ́ yẹn sókè fi ya irun ẹ̀! Oògùn ló ń gbé mì kó tó wọ pápá, ó ń gbá fún yín pẹ̀lú apá kan, ẹ wá ń pè é lólè? Ẹ ò lójú tì!"

Ẹ̀rín Buddy tán.

"Roscoe," ni Buddy wí jẹ́jẹ́, "ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

Clevon pa fóònù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó lè sáré bá a kó tó délẹ̀. Kó tó já ọmọ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko Pettway, èjìká Jerrod ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn ará Brandt sì wà nínú wọn.

Ernestine ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi ń se oúnjẹ fún àwọn arúgbó.

"Roscoe, káàbọ̀," ló wí.

"Ernestine..."

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn lórí ibùsùn. Ṣé o rò pé Eufaula lè fi í pa mọ́ fún mi? Láti oṣù tó kọjá ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo ní, jẹ́ kó fi tura." Ó na ìka sí i. "Apá ọmọ mi ya, o mọ̀, o jókòó tì mí ní pápá ìṣeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, à ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e lulẹ̀, o ń pàtẹ́wọ́?"

Fóònù rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀, ìgbàlà tí kò ṣeé dúpẹ́ fún. Jerrod ni.

"Dádì, wọ́n ti yọ mí. Kóòṣì ní kí n bọ́ aṣọ, wọ́n gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ya àwòrán èjìká. Ó ti parí. Ansley ló máa gbá Sátidé. Ẹnì kan ló sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ní Roscoe kan, ará Eufaula. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Jerrod..."

"Marcy tó ń bá wa di ẹsẹ̀ àti apá, òun nìkan ló tún lè fura. Mo lọ bá a, mo bú u níṣojú gbogbo èèyàn, mo ní òun ló tà mí. Ó ń sunkún, ó ń búra. Dádì, ẹ bá mi wá Roscoe yẹn. Mo fẹ́ bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un."

Clevon wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò yí ojú kúrò. Ó ṣeé ṣe kó dákẹ́. Marcy ni yóò rù ú, Roscoe yóò sì kú sí Eufaula, kò sẹ́ni tí yóò sin ín.

"Lọ bẹ ọmọ yẹn," ló wí. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni Roscoe. Wọ́n pè ẹ́ lólè, Jerrod. Wọ́n ní onítẹ́tẹ́ ti rà ẹ́. Mi ò lè jókòó kí n máa gbọ́ ọ."

"Èmi jókòó, mo gbọ́ ọ," ni Jerrod wí. "Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù, Dádì. Ọjọ́ mẹ́rin péré." Kò pariwo. Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ìyẹn gan-an ló dun Clevon jù.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ilé-ìwé ti gba ìsinmi Ọdún Ìdúpẹ́. Clevon wakọ̀ lọ sí Hollis, ó dúró ti mótò Kóòṣì Dabney títí ọkùnrin náà fi jáde.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Kó gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kó gbé e fún ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́. Kò ní jù ú rárá."

"Mísítà Maddox, gbogbo Brandt ti gbọ́. Èjìká yẹn ni wọ́n máa dojú kọ. Mi ò lè gbé ọmọ yín fún wọn."

"Tẹ́ ẹ bá ti kó àwọn gìrìpá tó yẹ jọ, wọn ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀!" Ohùn Clevon ga. "Ọdún mẹ́rin lẹ fi ń ṣa eléré sísá! Ta ló dúró síwájú ọmọ mi? Ta?"

Kóòṣì wo ilẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ. Mo ṣi ọmọ ṣà, màá sì jìyà ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín, sà. Ìdíje kẹta ló ti ṣèṣe. Tẹ́ ẹ bá ti pè mí lọ́jọ́ yẹn, òfin fàyè gbà á, a ò bá tí ka ọdún yìí fún un. À bá tún apá ẹ̀ ṣe, ì bá padà wá gbá odindi ọdún kan sí i. Òun ò mọ̀, ọmọdé ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Clevon kò mọ̀. Òun tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí Hollis ṣà láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó lè sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, kò ronú kan òfin yẹn rí, nítorí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń rí. Ó jókòó sínú mótò rẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Lọ́jọ́bọ̀ tí gbogbo ilé ń sun tòlótòló fún Ọdún Ìdúpẹ́, Jerrod kò wálé. Àwọn méjèèjì nìkan ló jẹun.

Ní Sátidé, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń parí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí dúró láàárín pápá, wọ́n ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sáré jáde wá gbá wọn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n pe Jerrod Maddox, ọmọ Clevon àti Ernestine, kò sáré. Ó rìn wá, wọ́n fi aṣọ funfun gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Gbogbo pápá ìṣeré dìde fún un. Àwọn tó pè é lólè lọ́jọ́ Túsìdeè ń nu ojú. Ó fún ìyá rẹ̀ ní òdòdó, ó sì dì mọ́ ọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi apá òsì kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé ẹnu sí i létí.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Dádì," ló wí. "Wọ́n ń ya fọ́tò."

Clevon rẹ́rìn-ín. "Jerrod, gbọ́, mo fẹ́..."

"Kì í ṣe níbí." Ọmọ náà ti yí padà.

Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Ansley fi ju bọ́ọ̀lù kan tó gba orí gbogbo wọn kọjá, tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń dúró dè é lẹ́yìn ìlà tí wọ́n ti ń gba àmì-ayò. Gbogbo èèyàn fò dìde, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́. "Mo sọ ọ́!" ni ọkùnrin kan ń pariwo lẹ́yìn wọn. "Láti oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí Kóòṣì ti gbé ọmọ yìí wọlé!"

Clevon nìkan ló jókòó. Ernestine ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Dìde, Clevon," ló wí.

"Mi ò lè dìde fún ọmọ yẹn."

"Wo ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún."

Clevon wò ó. Jerrod wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń pariwo orúkọ Ansley. Nítorí pé ọwọ́ kan kò ṣeé pàtẹ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì lu itan ara rẹ̀, ó ń lù ú kíkankíkan. Clevon di ìjókòó iwájú mú, ó sì dìde.