Orúkọ Tí Tíṣà Pín

Lọ́dún 1971, ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wa wò l'Ókìtìpupa fún ìdánwò àtiwọlé kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, sọ fún mi pé èmi kọ́ ni mo ni ìwé ẹ̀rí mi.

"Ambrose Rùfáì ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ẹ. Tìjání Rùfáì lo kọ sí fọ́ọ̀mù. Kọ Ambrose sí i, kí n tẹ òǹtẹ̀, kí o máa lọ."

Inú bí mi. Gbogbo ará Igbótako ló mọ bó ṣe rí. Nígbà tí bàbá mi mú mi lọ síléèwé ìjọ, Tíṣà Àlàmú ní òun ò lè kọ orúkọ Mùsùlùmí sílẹ̀. Bàbá mi, tó ń fẹ́ kí n mọ̀wé, wolẹ̀ títí, ó ní kí wọ́n kọ èyí tó bá wù wọ́n. Bí mo ṣe jẹ́ Ambrose fọ́dún mẹ́fà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ nílé rí.

"N ò kọ ọ́, sà."

"Ọ̀la la máa kó fọ́ọ̀mù lọ o. Má fi agídí ba ayé ara ẹ jẹ́."

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Igbódìgò, níbi tí Tíṣà Àlàmú ti ń dáko látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo kí i tán, mo ní, "Tíṣà, orúkọ tí ẹ fún mi fẹ́ẹ́ ba tèmi jẹ́. Ẹ wá gbà á padà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwa ọmọ Mùsùlùmí méje la wọlé lọ́jọ́ náà, orúkọ àwọn ọmọ òun lòun sì pín fún wa. Ambrose ni àkọ́bí òun. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi.

Nígbà tá a dé Òkìtìpupa, ojú akọ̀wé ni Tíṣà ti kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì fọwọ́ sí i, pé orúkọ Tìjání ni wọ́n mú wá fóun láti ilé.

Adébọ̀wálé kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dáa. Ká kúkú kọ méjèèjì, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀."

"Rárá o, sà."

"Bí n ò bá wá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ló kù fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

"Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Ambrose, kó wá ṣèdánwò náà. Tíṣà á júwe ilé ẹ̀ fún yín."

Tíṣà wúkọ́. "Ambrose ń ṣe kápíńtà ní Sàpẹ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ ìṣirò."

Adébọ̀wálé wò mí, ó wo bàbá arúgbó náà. Ó gbé òǹtẹ̀, ó fìbínú lù ú mọ́ orúkọ Tìjání Rùfáì. Mo gba ìwé mi. N ò dúpẹ́.