Ìwé Ọ̀gágun Ẹlẹ́ṣin

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí mo bá rojọ́ yìí tán, ẹ lè bú wọn.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìwé àtijọ́ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Berlin. Ìparí oṣù yìí ni iṣẹ́ náà máa tán. Bó bá tán, Aufenthaltstitel, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí, tán nìyẹn. Ọ̀gá mi ní bí mo bá lè gba ìwé kan tó wà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, Frau Anna, wá láti Hamburg, òun á sọ mí di òṣìṣẹ́ títí lọ. Sójà ẹlẹ́ṣin ni baba ńlá Frau Anna ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọ̀gágun rẹ̀, akọni tó gba àmì-ẹ̀yẹ, ló sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ ń fojú méjèèjì wá ohun tí ọkùnrin náà bá fọwọ́ sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Altona ní Hamburg kí ìyá arúgbó yẹn tó gbà. Kófí tí mo mu nílé rẹ̀ tó fi wẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e délé ní Marzahn, mo fi han ìyá mi tó wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́.

“Màámi, ìwé yìí ni ayé mi o.”

Ẹnu mi ló kó bá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màámi. Lọ́dún kan, òjò ba sátífíkéètì wọn jẹ́ nínú àpótí, ọdún méjì ni wọ́n fi bẹ àwọn akọ̀wé kí wọ́n tó rí òmíràn gbà. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé pàtàkì tí wọn kì í lámínéètì, kí ọ̀rá líle bò ó.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá wọn nídìí tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Sunday tí orí ń fọ́ mi, wọ́n ti gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìjọ wà.

“Fọláwùnmí, wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Pastor fúnra wọn ló gbàdúrà sí i kí machine tó gbé e. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, kó máa rọ̀!”

Ó ń dán. Ooru ti yọ́ ọ̀rá mọ́ bébà, kò sí ọ̀bẹ tó lè yà wọ́n. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, ó sì pè mí lójú ẹsẹ̀. Kò pariwo. Ó ní ìwé náà ti bàjẹ́, òun fúnra òun á pe Frau Anna ní Hamburg, kí n má wulẹ̀ wá mọ́.

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Ẹni tó pọ̀n mí?

Mo ṣàlàyé fún màámi. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti gé ọ̀rá náà. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ wọn. Ni ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú mi.

“Fọláwùnmí, jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìyá kúnlẹ̀ bẹ ọmọ. Mo fà wọ́n, wọn ò dìde. Èmi náà kúnlẹ̀, a sì di ara wa mú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kò sí àgbà kankan nínú ilé tó máa ní ká dìde.