Ìdí Tí Ameenat Fi Ń Sá Pamọ́

Ojú Olúfọlákẹ́ àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lẹ́nu géètì ilé ìwé, lásìkò tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, tí àwọn ọmọ ń tú jáde, tí àwọn ìyá ń pariwo orúkọ, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè. Kò mọ ọkùnrin náà rí. Ó kàn rí i pé ó ga, pé ó dúdú, pé ojú rẹ̀ ń wá nǹkan láàárín àwọn ọmọ títí ó fi kan ojú tirẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀. Àyà Olúfọlákẹ́ já. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ó sáré wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí bàtà òjò ọkùnrin náà tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí lára, àti bí gbogbo ènìyàn ṣe ń yẹra fún un, tí àyè fi ṣófo yí i ká nínú èrò yẹn. Alápatà ni. Odò ẹran Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ló ti ń bọ̀ tààrà.

"Ẹ káàsán, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ mi, Ameenat, Pámárì Fọ́ọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró báyìí, gbogbo ọmọ á lọ tán kí n tó rí i."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. A máa rí i."

Ẹ̀yìn táǹkì omi ni wọ́n ti bá a, ó jókòó lórí báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí i, ọmọ fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Olúfọlákẹ́ rí ọwọ́ yẹn. Ó rí ojú bàbá náà pẹ̀lú, kò sì lè jẹun ọ̀sán rẹ̀ tán.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọ ilé ìwé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó, kó gbọ́ ohun tó ń dun ọmọ. Ṣùgbọ́n yàrá tí Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, igbákejì ọ̀gá, ń kó pàṣán sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un. Wọ́n ti kó pàṣán jáde, orúkọ kò jáde. Yàrá ẹgba ni gbogbo ọmọ ṣì ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ránṣẹ́ pe Ameenat, ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ náà fi bo ìdí wọlé.

"Ta ló fẹ́ nà ọ́?"

"Ṣebí yàrá ẹgba nìyí, àǹtí."

"Èmi ò ní ẹgba o. Yẹ gbogbo ibẹ̀ wò."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kó tó wá jókòó. Olúfọlákẹ́ ṣàlàyé fún un pé ohun tó bá sọ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ló máa wà, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe é níkà. Ameenat kàn mi orí. Olúfọlákẹ́ wá fún un ní bébà àti pẹ́ńsù.

"Ẹni tí o fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ náà, kọ lẹ́tà sí i."

Ó kọ ọ́ pẹ́. Nígbà tó parí, ó tì í síwájú àǹtí rẹ̀:

*Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá mú mi mọ́. Tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá rí yín wọ́n á di imú. Wọ́n ń pè mí ní Ameenat Fùkù. Mo ń sá pamọ́ kí ẹ lè rò pé mo ti lọ. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí pé ojú ń tì mí. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ràn jù.*

"Ẹ má fún un o, àǹtí. Ó máa sunkún. Ìgbà tí màmá mi lọ fẹ́ ẹlòmíì ní Ìlọrin, ó sunkún."

"Mi ò ní fún un. Ìwọ lo ni ín."

Olúfọlákẹ́ ti lẹ́tà náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó lọ bá tíṣà kíláàsì wọn nípa ọ̀rọ̀ imú dídì, tíṣà rẹ́rìn-ín: "Ọmọdé ni wọ́n jàre, wọ́n á gbàgbé." Ló bá kọ̀wé pe bàbá Ameenat fún ọjọ́ Ẹtì, ó ń rò ó pé bóyá tí òun bá fọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀, kò ní pọn dandan kó rí lẹ́tà rárá.

Títí di ọjọ́ Ẹtì ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Apá kan ń ro ti ọmọ. Apá kejì, ìtìjú ni láti sọ ọ́, ń ro aṣọ tí òun máa wọ̀.

Jàlámíà funfun ni Shuaib Àlàmú, bàbá Ameenat, wọ̀ wá, ó ti wẹ̀, ó ti fín lọ́fínńdà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Háà, Bàbá Ameenat! Wọ́n ti kọ̀wé pe ẹ̀yin náà sí yàrá ẹgba? Ọmọbìnrin tó bá ti ń sá pamọ́, ẹ tètè wádìí ọkùnrin o! Ẹ mọ ayé ìsinsìnyí."

Olúfọlákẹ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí bàbá Ameenat ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kíákíá, kíákíá. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti le koko.

"Ẹ jókòó, sà."

"Mi ò jókòó, àǹtí. Ta ni ọkùnrin náà?"

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tí wọ́n jọ ń sá pamọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo ti pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la la máa wọ̀. Kó lọ máa bá wọn gbé níbẹ̀."

"Kò sí ọkùnrin kankan, Bàbá Ameenat. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kí wá ni?"

Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ Olúfọlákẹ́. Tó bá fún un ní lẹ́tà, kò sí ọmọ kankan nílé ìwé yìí tó máa fọkàn tán an mọ́. Tí kò bá sì fún un, Ameenat di ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Ẹ̀rù kẹta tún wà níbẹ̀: ọkùnrin yìí tó wẹ̀ tó fín lọ́fínńdà wá, ṣé ìṣojú òun ló máa ti kà á pé àwọn ènìyàn ń di imú sí i?

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Márùn-ún péré, àǹtí."

Ó mú lẹ́tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Abẹ́ igi fúrúùtù ló pe Ameenat sí.

"Bàbá ẹ wà ní ọ́fíìsì mi. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin lò ń bá sá pamọ́. Ó fẹ́ mú ẹ lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la."

Ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀. "Ọkùnrin? Èmi? Yéè, ẹ wo irọ́!"

"Lẹ́tà ẹ rèé. Mi ò tíì fi hàn án. Tí o bá ní kí n fún un, màá fún un. Tí o bá ní rárá, màá wá ọ̀nà mìíràn."

"Ọ̀nà wo?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ameenat wo ilẹ̀. "Tó bá wá sunkún ńkọ́?"

"Ó lè sunkún. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Ọmọ náà gba bébà, ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi kéré bí páálí ìṣáná.

"Ẹ má fún un."

Olúfọlákẹ́ yíjú sọ́nà ọ́fíìsì.

"Èmi ni màá fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ dúró tì mí o, àǹtí."

Orí ìdúró tí Olúfọlákẹ́ fi bàbá Ameenat sí náà ni wọ́n bá a. "Ameenat," ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó rìn lọ bá a, ó na lẹ́tà náà sí i. Bàbá wo Olúfọlákẹ́ bí ẹni tó ní kó ṣàlàyé. Olúfọlákẹ́ sún mọ́ ọmọ náà, ó dúró tì í.

Ọkùnrin náà nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ jàlámíà tó mọ́ tónítóní, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.