Ogun Inú Ìgò Dókítà Àkíbù

Ní ọdún 1989, kò sí ẹni tó wọ ilé-ìwádìí ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn Èrúwà tí kò ní gbọ́ nípa ogun tí Dókítà Àkíbù rí. Bí o bá ní àga lo wá yá, yóò fi ọ́ jókòó sórí àga náà, yóò sì máa ṣàlàyé lọ. Ó da kòkòrò bakitéríà tó ń mú fùfú kan pọ̀ mọ́ yíìsì nínú ìgò omi kan, ó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé. Omi tí kòkòrò bá kún inú rẹ̀ máa ń rú, iná inú ẹ̀rọ tó fi ń wọ̀n ọ́n kì í ráyè gbà á kọjá. Ojoojúmọ́ ló ń fa díẹ̀ lókè ìgò, ojoojúmọ́ ni omi náà sì ń mọ́ sí i. Àkíbù bá parí ọ̀rọ̀: àwọn méjèèjì ń pa ara wọn ni. Ó kọ ìṣirò tó kún pátákó, ó sì pè é ní Òfin Àkíbù. Ẹlòmíì kankan ò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ń pè é tó fún gbogbo wọn.

Ipò ọ̀gá àgbà wá ṣófo. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwádìí ní kí Àkíbù àti Mùínàt, tó ń ṣèwádìí láfún ní yàrá kejì, wá sọ iṣẹ́ wọn ní Ìgbó-Ọrà, ẹni tó bá gbayì jù ni yóò gorí àga. Lójú Àkíbù, Mùínàt kàn fẹ́ wá pàtẹ́wọ́ fún òun ni. Àkíbù ti yan àwọ̀ kọ́tìnì tí yóò ta sí ọ́fíìsì náà.

Ó pinnu láti gbé ìgò náà fúnra rẹ̀ dání, kí ojú ìgbìmọ̀ lè rí omi tó mọ́ kedere. Ó fi aṣọ àrán bò ó, ó gbé e sórí àga iwájú mọ́tò. Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ló bọ́ sí, nítorí inú dígí ló ń wò, ó ń wo bí òun yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ti kọ ìṣirò rẹ̀ tán níwájú ìgbìmọ̀, ó ní kí wọ́n wá wo pápá ogun lẹ́yìn tí ogun parí. Ó ṣí aṣọ. Omi inú ìgò funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò.

Alága, Bàbá Ṣàngótọ́lá, rọra béèrè bóyá àwọn òkú náà nìyẹn. Àkíbù ní atẹ́gùn Ìgbó-Ọrà ló jí wọn, òun yóò fi àjíǹde kún òfin náà.

Mùínàt nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó fa omi náà, ṣé ẹ máa ń mi ìgò?"

Àkíbù rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. "Mùínàt, kí ni mo fẹ́ máa mì í sí? Ṣé àgbo ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà dùn dé ibi tó yẹ, ìgbà náà ló rí i pé alága ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Àkíbù," ni alága wí, "nílé yín ní Ìdèrè, bí ògì bá tòrò, tí omi orí rẹ̀ mọ́, ṣé ẹ máa ń ní ògì ti kú ni?"

Mùínàt wá ṣàlàyé pé òun ti rí irú rẹ̀ nínú omi láfún: àwọn méjèèjì kì í bára wọn jà, ńṣe ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n á wúwo, tí wọ́n á sì jọ rì sísàlẹ̀. Àkíbù ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Mùínàt ni wọ́n fún nípò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Àkíbù ti sọ fún gbogbo Èrúwà pé wọ́n bẹ òun títí, òun lòun kọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ kí ọ̀gá tuntun. Ó kí i kú oríire, ó sì dúró kí wọ́n bẹ òun kí òun jókòó. Mùínàt ò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó padà lọ wọn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ẹ sì máa mì í dáadáa, sà."

Ó jáde. Àwọn tó wà níta bi í ohun tí ọ̀gá sọ. Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní kò sí nǹkan kan, obìnrin náà kàn ń bẹ òun kí òun máa gbà á nímọ̀ràn.